Ẹ Gbin Òdòdó Kí Ẹ Tó Gbé Oyin Wálé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Sin Oyin

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin, àpótí ló kọ́kọ́ ń rà. Wọ́n á ra ẹ̀wù funfun, wọ́n á ra ìbọ̀wọ́ tó ga dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á gbé àpótí sẹ́yìnkùlé, ó di ká máa retí afárá. Kò ní pẹ́ tí àwọn oyin yóò kó kúrò níbẹ̀, tàbí kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Àpótí kọ́ ló lé wọn, ebi ni. Ìdí nìyí tí mo fi mú ọgbà ṣáájú nínú ìtọ́sọ́nà yìí, tí àpótí wá ń tẹ̀ lé e.

Ohun méjì ni kòkòrò oyin ń wá lọ sórí òdòdó. Èkíní ni omi dídùn tó máa ń sun sí ìsàlẹ̀ òdòdó. Wọ́n á fà á mu, wọ́n á gbé e relé nínú ikùn, wọ́n á máa gbé e láti ẹnu dé ẹnu, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ títí omi ara rẹ̀ yóò fi fà, tí yóò sì di oyin tí à ń lá. Èkejì ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ irun ara wọn, tí wọ́n á gbá jọ, tí wọ́n á dì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Omi dídùn ló ń fún wọn lágbára láti fò. Lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Ilé oyin tí kò bá rí lẹ́búlẹ́bú, bó ti wù kí oyin kún inú afárá rẹ̀ tó, ọmọ títọ́ níbẹ̀ yóò dáwọ́ dúró láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka òdòdó àdúgbò yín

Kòkòrò oyin kì í jẹun nínú ọgbà ẹni tó ń sìn ín nìkan. Ó lè fò tó kìlómítà 3 sílé, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ebi bá ń pa á. Bí ẹ bá fi àpótí ṣe àárín, tí ẹ wá fi kìlómítà 3 yí i po lọ́tùn-ún lósì, níwá lẹ́yìn, ilẹ̀ tó wà láàárín ju hẹ́kítà 2,800 lọ. Ta ló ní ọgbà tó tó bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ebè òdòdó mélòó kan lè bọ́ odindi ilé oyin. Kò lè ṣe é. Ohun tí ọgbà yín lè ṣe ni pé kó dí àlàfo, kó máa tanná ní oṣù tí àdúgbò gbẹ. Ẹni tí kò bá mọ oṣù náà kò tíì mọ ohun tí yóò gbìn.

Ẹ mú ìwé kan kí ẹ máa rìn yíká, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ kọ igi tó ń tanná sílẹ̀, ẹ kọ koríko, ẹ kọ irè oko, kí ẹ sì dúró díẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ wò ó bóyá oyin ń bà lé e. Òdòdó tó lẹ́wà lójú wa, tí oyin kò sì yà sí rárá, pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú. Bí lẹ́búlẹ́bú bá wà níbẹ̀, ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀, torí àwọ̀ yìí náà lẹ ó fi mọ ibi tí wọ́n lọ nígbà tí wọ́n bá ń wọlé yín: ti phacelia, òdòdó kan tí wọ́n máa ń gbìn fún oyin, jẹ́ aláwọ̀ aró, ti sunflower jẹ́ aláwọ̀ ọsàn.

Bí ọdún bá yípo, ẹ ó rí oṣù kan tàbí méjì tí ojú ìwé ṣófo. Níbi tí ooru ti ń mú, ó lè jẹ́ ìgbà tí òjò pọ̀ jù, tó ń fọ òdòdó nù. Níbi tí òtútù ti ń mú, ó lè jẹ́ àárín ìgbà ooru, lẹ́yìn tí igi eléso ti wọ́ òdòdó wọn tán. Oṣù yẹn gan-an lẹ ń gbin nǹkan dè. Ẹni tí kò bá lè dúró fún ọdún kan, kó lọ bá ẹni tó ti ń sin oyin ládùúgbò, kó béèrè oṣù tí àpótí tirẹ̀ máa ń fúyẹ́ jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí wúlò ju ogún tó kù lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gbìn ín pọ̀ sójú kan, kí ó sì máa tẹ̀ léra

Kòkòrò oyin tó bá jáde lọ síbi irú òdòdó kan, irú yẹn náà ni yóò máa bà lé títí yóò fi padà sílé. Nítorí bẹ́ẹ̀, òdòdó tí a gbìn ní ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un. Ẹ gbin irú kan pọ̀ sójú kan, kó gba mítà 1 níbùú lóròó, ó kéré tán. Irú márùn-ún tó pọ̀ dáadáa sàn ju ogún tó jẹ́ ẹyọ ẹyọ.

Ní ti àwọ̀, ojú oyin kò mọ pupa dáadáa, àmọ́ ó ń rí ìtànṣán kan tí ojú tiwa kò lè rí. Òdòdó búlúù, elésè àlùkò, yẹ́lò àti funfun ni wọ́n máa ń yà sí jù. Ohun tí kò yẹ kí ẹ náwó lé rárá ni àwọn òdòdó oníṣọ̀ọ́ tí ewé wọn ṣù lé ara wọn ní ìpele ìpele. Ibi tó yẹ kí lẹ́búlẹ́bú wà ni àwọn agbìnrúgbìn sọ di ewé òdòdó. Bí omi dídùn bá sì ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ọ̀nà kò sí fún oyin láti dé ibẹ̀. Òdòdó tí ẹ rí àárín rẹ̀ kedere lẹ fẹ́.

Bí àyè bá wà fún igi, igi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Igi kan tó dàgbà tó sì tanná ní òdòdó ju ọ̀pọ̀ ebè lọ, ẹ kò sì ní máa tún un gbìn lọ́dọọdún. Ọsàn, òroǹbó, àgbọn, ápù, eucalyptus, linden, ẹ wo èyí tó bá ojú ọjọ́ yín mu. Lábẹ́ igi àti létí ọ̀nà, ẹ gbin àwọn ewé olóòórùn: efinrin, thyme, lavender, borage. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń já orí efinrin kó má baà tanná, ẹ pín in sí méjì; ẹ já ìdajì fún ọbẹ̀, kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì. Tí ẹ bá fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú wọn kó gbó kó tanná, àwọn oyin ò ní fi í sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Elégédé àti kùkúmbà yóò fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á sì so dáadáa fún ẹ̀yin náà, torí òdòdó akọ àti abo wọn yàtọ̀ síra, àfi kí kòkòrò gbé lẹ́búlẹ́bú láti ọ̀kan dé èkejì. Àgbàdo ní lẹ́búlẹ́bú púpọ̀ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní omi dídùn.

Fún oṣù tí àlàfo wà, ohun tó ń yára ni kí ẹ lò. Buckwheat, irè oko kan tí à ń jẹ hóró rẹ̀ bí ọkà, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tanná láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́n ọn. Àárọ̀ ni omi rẹ̀ máa ń sun jù. Phacelia máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti oṣù tó gbẹ yẹn, kí ẹ fọ́n apá kan, kí ẹ dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, kí ẹ tún fọ́n apá kejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń rọ, èkejì ti ń là.

Ọ̀rọ̀ èpò tún wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn mìíràn bí wọ́n bá rí koríko nínú ọgbà wọn, ṣùgbọ́n clover àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn òdòdó yẹ́lò kéékèèké tí à ń ro dànù wà lára ohun tí oyin fi ń la ìgbà ìyàn já. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tanná tán kí ẹ tó ro wọ́n.

Omi ńkọ́? Kí oyin tó dé ni kí omi ti wà nílẹ̀. Ẹ wá agbada tí kò jìn, kí ẹ kó òkúta sínú rẹ̀ tí orí wọn yóò yọ lókè omi, kí wọ́n má baà rì. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ lọ́jọ́ kan. Tí wọ́n bá ti fi ibi tí aládùúgbò ń fọṣọ ṣe ibi ìmumi, iṣẹ́ ńlá ni láti yí wọn lọ́kàn padà, ìjà ló sì máa ń dà.

Lórí oògùn apakòkòrò, ọ̀rọ̀ mi le díẹ̀: ẹni tó ń fín oògùn sórí òdòdó tó ti là kò ì ṣe tán láti sin oyin. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fín nǹkan, kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí oyin ti wọlé, kó má sì kan ohun tó ń tanná lọ́wọ́. Àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní neonicotinoid burú ju ìyókù lọ, torí inú oje igi ni wọ́n ń wọ̀, tí wọ́n á fi dé inú omi dídùn àti lẹ́búlẹ́bú. Ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de mẹ́ta nínú wọn fún lílò ní ìta gbangba: imidacloprid, clothianidin àti thiamethoxam. Kí ẹ tó ra irúgbìn, ẹ ka ara páálí rẹ̀ bóyá wọ́n ti fi oògùn wọ̀nyí pa á lára.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibi tí àpótí yóò dúró

Ẹ ro ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé àpótí kalẹ̀, torí oyin a máa há ojú ilé rẹ̀ sórí. Bí ẹ bá sún àpótí sí mítà mẹ́wàá péré lójijì, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni àwọn tó lọ jẹ̀ yóò padà sí, wọ́n á sì máa fò yí òfìfo ká.

Ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kan ẹnu ọ̀nà ló dára, torí wọ́n á tètè jáde. Níbi tí oòrùn ọ̀sán bá ti le, ẹ wá òjìji fún un. Kí ẹnu ọ̀nà má kọjú sí ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà tàbí ibi tí wọ́n so ẹran mọ́. Ọgbà igi tàbí ògiri tó ga tó mítà 2 níwájú àpótí yóò mú kí wọ́n fò sókè kí wọ́n tó tú ká, orí àwọn èèyàn ni wọ́n á sì máa gbà kọjá. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ tó ga kúrò nílẹ̀. Bí èèrà bá wà, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo tí a bu epo mọ́tò sí, kí koríko kankan má sì kan àpótí, nítorí orí koríko yẹn ni èèrà yóò gbà. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí òjò má dúró nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, kí ẹ sì béèrè òfin ibi tí ẹ ń gbé.

Ìgbésẹ̀ 4: Àpótí àti ohun èlò

Irú àpótí méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ti Langstroth. Lorenzo Langstroth, àlùfáà kan ní Amẹ́ríkà, ló rí i ní 1851 pé bí àlàfo tó wà láàárín nǹkan méjì nínú ilé oyin bá wà ní mìlímítà 6 sí 9, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń fi ṣe. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fi oje igi lẹ̀ ẹ́ pa. Bó bá tóbi jù, wọ́n á kọ́ afárá sí i. Orí àlàfo yẹn ló gbé àpótí rẹ̀ kà, férémù inú rẹ̀, ìyẹn igi onígun mẹ́rin tí wọ́n ń kọ́ afárá sínú rẹ̀, sì ṣeé fà yọ láìba nǹkan kan jẹ́. Èkejì ni àpótí gbọọrọ onígi orí, tí kò ní férémù. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló tò sórí rẹ̀, abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń so afárá kọ́ sí. Fífẹ̀ igi yẹn ṣe pàtàkì gan-an: mìlímítà 32 fún oyin ilẹ̀ Áfíríkà, 35 fún ti Yúróòpù tó tóbi jù wọ́n lọ. Bí kò bá bá a mu, wọ́n á kọ́ afárá kan lórí igi méjì, ẹ ò sì ní lè fa ọ̀kankan yọ láìfà á ya.

Èwo ni kí ẹ mú? Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, ẹ mú onígi orí, torí afárá kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa gbé. Àpótí Langstroth ńlá tí oyin kún inú rẹ̀ lè wúwo tó kìlógíráàmù 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó bá wà tí ẹ sì fẹ́ kórè púpọ̀, Langstroth ni. Èyí tó wù kó jẹ́, méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, èkejì lẹ ó fi mọ̀ pé kì í ṣe ojú ọjọ́. Tí ayaba ọ̀kan, ìyẹn abo tó ń yé ẹyin fún gbogbo ilé, bá kú, ẹ ó rí afárá ẹlẹ́yin yọ láti inú èkejì fún un, kí wọ́n fi tọ́ ayaba tuntun.

Ohun èlò tó kù kò pọ̀: ẹ̀wù àwọ̀sókè tó mọ́lẹ̀ láwọ̀, àwọ̀n ìbojú, ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, irin pẹlẹbẹ fún ṣíṣí àpótí, àti smoker, ìyẹn agolo èéfín tó ní ẹwìrì lẹ́yìn. Àwọ̀n ìbojú ni kí ẹ má fi ṣeré. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn jù a máa jẹ́ kéèyàn fọwọ́ tẹ oyin pa láìmọ̀, ìyẹn ló sì ń bí wọn nínú.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí oyin yóò ṣe wọlé

Ẹ lè ra ilé kékeré tó ti ní ayaba, ọmọ àti oúnjẹ lórí férémù bíi márùn-ún. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló fọkàn balẹ̀ jù. Ẹ sì lè dẹ àpótí sílẹ̀ fún ọ̀wọ́ oyin tó ń wá ilé. Thomas Seeley, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, yẹ ohun tí ọ̀wọ́ oyin ń wò kí ó tó yan ilé wò: ihò tó gba nǹkan bíi lítà 40, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré, tó sì ga kúrò nílẹ̀. Ẹ fi ìda àtijọ́ ra inú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ń pè wọ́n.

Ọ̀wọ́ tó so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi kì í sábà jà, torí kò ní ọmọ tàbí oúnjẹ tí yóò dáàbò bò, ikùn wọn sì kún. Àmọ́ tí wọ́n bá ti wọlé tí wọ́n ti kọ́ afárá, ìwà á yí padà. Ìwà oyin tún wà lọ́wọ́ ìran rẹ̀. Oyin ilẹ̀ Áfíríkà tètè máa ń bínú, ó sì máa ń lépa èèyàn jìnnà. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Brazil, tó sá jáde níbẹ̀ ní 1957, ti dàpọ̀ mọ́ oyin ibẹ̀ títí wọ́n fi dé Amẹ́ríkà. Bí irú wọn lẹ ní, ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ń ṣú lọ ni kí ẹ máa ṣí àpótí, kó sì jìnnà sí ilé àti ẹran.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí a ṣe ń ṣí àpótí àti ohun tí a ń wò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ lásán. Wọ́n á ṣí àpótí, wọ́n á máa wá ayaba kiri, wọ́n á dé e padà láìmọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ dáná sínú smoker pẹ̀lú koríko gbígbẹ tàbí aṣọ òwú, kí ẹ fẹ́ ẹ títí èéfín rẹ̀ yóò fi funfun tí yóò sì tutù. Bó bá ń jó ọwọ́ yín, yóò jó wọn náà. Ẹ fẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Èéfín ń bo òórùn ìkìlọ̀ tí wọ́n fi ń pe ara wọn síjà mọ́lẹ̀, ó sì ń mú wọn sáré lọ mu oyin. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí ẹ̀yìn àpótí, ẹ má dí ẹnu ọ̀nà wọn.

Férémù etí ni kí ẹ kọ́kọ́ fà yọ, kí ẹ gbé e sílẹ̀ kí àyè lè wà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bọ̀ wá sí àárín. Ẹ gbé férémù sókè kí oòrùn wà lẹ́yìn èjìká yín, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ ihò afárá dé ìsàlẹ̀. Ẹyin lẹ ń wá. Ó funfun, ó tín-ín-rín, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 àbọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ayaba yé e, ó dúró ṣánṣán nísàlẹ̀ ihò. Lọ́jọ́ kejì yóò tẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta yóò dùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà yóò di ìdin. Bí ẹ bá ti rí ẹyin tó dúró, ayaba wà níbẹ̀ lánàá tàbí lónìí, ẹ kò nílò láti wá a kiri. Ẹyọ kan ló gbọ́dọ̀ wà nínú ihò kan. Bí ẹ bá rí méjì, mẹ́ta, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò, ayaba ti lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń yé ẹyin, akọ nìkan ni ẹyin wọn yóò sì di.

Lẹ́yìn ẹyin, ẹ wo ìdin. Kó funfun bọ́rọ́, kó ká kò, kó sì lúwẹ̀ẹ́ nínú oúnjẹ funfun. Lẹ́yìn ìdin, ẹ wo ìdérí. Ìdérí ọmọ òṣìṣẹ́ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ó yọ díẹ̀. Ti akọ yọ síta jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdérí tó tẹ̀ wọnú, tó dúdú, tó lu ihò, àmì àìsàn ni. Ọjọ́ tí wọ́n ń lò láti ẹyin dé ìgbà tí wọ́n á jáde: ayaba 16, òṣìṣẹ́ 21, akọ 24. Ẹ kọ ọ́ sínú ìdérí àpótí, ẹ ó máa lò ó.

Ohun tó kù ni ilé ayaba tuntun. Ó gùn, ó wú bí ẹ̀pà tí a kò tíì pa, ó sì doríkodò. Bí ó bá pọ̀ nísàlẹ̀ férémù, wọ́n fẹ́ pín ilé. Ayaba àtijọ́ yóò kó ọ̀pọ̀ lára wọn lọ, ìkórè yín náà á sì bá wọn lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì láàárín ojú afárá, ayaba ti ń darúgbó, wọ́n fẹ́ rọ́pò rẹ̀; ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí òdòdó pọ̀, ẹ máa wò wọ́n ní ọjọ́ 7 sí 10 síra, torí bí ilé ayaba bá ti ní ìdérí, wọ́n ti fẹ́ máa lọ nìyẹn. Ẹ fún wọn láyè sí i kó tó dé ibẹ̀, tàbí kí ẹ fúnra yín pín wọn sí àpótí méjì.

Wọ́n á ta yín. Ẹ fi èékánná ha abẹ́rẹ́ náà dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kíákíá ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe yọ ọ́ lọ, torí àpò oró rẹ̀ ṣì ń tú oró. Ẹ fẹ́ èéfín sí ojú ibẹ̀, torí òórùn tó wà níbẹ̀, tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ń pe àwọn mìíràn wá. Ibi tí wọ́n ta á wú, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí èémí kò bá já geere, bí ètè tàbí ọ̀fun bá ń wú, bí ara bá lé ròrò tàbí tí òòyì bá ń kọ́ni, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀tá àti àìsàn

Èyí tó burú jù ni Varroa, kòkòrò pupa pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára, tó sì ń bímọ lábẹ́ ìdérí ọmọ. Ojú lásán kò tó fún un. Ẹ bu ìdajì ife oyin, nǹkan bí 300, láti orí afárá ọmọ (ẹ rí i dájú pé ayaba kò sí níbẹ̀), kí ẹ mì wọ́n nínú ọtí líle, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ ka Varroa tó bọ́. Bó bá ju 3 lọ nínú oyin 100, ẹ wá ìtọ́jú. Ó dùn mí pé oyin 300 yóò kú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kà á lè pàdánù gbogbo ilé.

Afòpiná tó ń jẹ ìda àti small hive beetle, kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń wọ ilé oyin, kì í sábà borí ilé tó lágbára. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n pọ̀, ẹ wá ìdí tí ilé náà fi rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì dín àyè inú àpótí kù kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè ṣọ́ ọ. American foulbrood, àìsàn tó ń pa ìdin oyin, ní tiẹ̀ kì í ṣe ohun àfọwọ́rá. Ẹ ti igi ìṣáná bọ inú ihò tí ìdérí rẹ̀ tẹ̀ wọnú; bí ohun inú rẹ̀ bá fà yọ̀ọ̀, tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, tó sì ń rùn, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ pe àwọn aláṣẹ ètò ọ̀gbìn. Kòkòrò àìrí tó ń fa àìsàn yìí lè wà nínú afárá àti nínú oyin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iná ni wọ́n sábà máa ń sọ sí férémù bẹ́ẹ̀. Torí rẹ̀ náà ni a kì í fi fún oyin ẹni ní oyin tí a rà lọ́jà jẹ.

Bí ebi bá dé, ṣúgà funfun ni kí ẹ pò mọ́ omi, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba, kí ẹ gbé e sínú àpótí ní ìrọ̀lẹ́. Kó má ṣe kán sílẹ̀ níta, torí àwọn oyin àpótí mìíràn yóò wá jalè.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìkórè

Afárá tí wọ́n ti fi ìda funfun dé tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lẹ lè gé. Èyí tí kò tíì ní ìdérí, ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí omi bá ń ta jáde, kò tíì gbó. Oyin tí omi inú rẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 18 sí 20 nínú 100 lọ lè kan. Ẹ má gé afárá tí ọmọ wà nínú rẹ̀, ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀. Níbi tí òtútù ti ń mú, wọ́n lè nílò kìlógíráàmù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi la ìgbà náà já. Níbi olóoru, ẹ padà sí ìwé òdòdó yín. Bí oṣù tó gbẹ bá ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè, ẹ dín ohun tí ẹ ń mú kù.

Ẹ sẹ́ ẹ nínú ilé tí oyin kò lè wọ̀, kí ẹ má fi iná gbóná sí i, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ tó dé pinpin, torí oyin máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ kọ ọ́ sára ìgò pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12. Afárá tí ẹ ti fa oyin inú rẹ̀ tán, ẹ dá a padà fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lá ìyókù, kí ẹ sì mú kí ẹnu ọ̀nà kéré títí di ọjọ́ kejì. Èyí tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú pamọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú fírísà fún ọjọ́ méjì kí ẹyin afòpiná inú rẹ̀ kú, lẹ́yìn náà kí ẹ dì í sínú ọ̀rá tí a so ẹnu rẹ̀ pa.